Ọ̀wẹ̀ Àna Lórí Alùpùpù Baba Wóléwólé

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú kálàmù. Ìyàwó mi pàápàá, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé baba wọn ti bu iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Ihò kan tí kò fẹ̀ ju ìdí pẹ́ńsù lọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba obìnrin yìí kan náà lọ́wọ́ mi, ní ọ̀sán Jímọ̀, níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba, lójú ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Èyí tó sì burú jù ni pé orin la ń kọ nígbà tí a ń dí ihò náà.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù ni mo kọ́. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo yege, baba mi sì ti ń sọ káàkiri pé akọ̀wé ni òun bí, kí n tó lọ sọ ara mi di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Bùràímọ̀ ní Bẹẹrẹ. Baba mi bínú títí, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, èmi náà ti gba òmìnira tèmi lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo ní àpótí irinṣẹ́ tèmi, mo sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìbòrí kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ èdè òyìnbó, tó mọ sípánà lò, tó tún ń fi òróró pa irun. Bí wọ́n bá rọ ìgbéraga mi ìgbà náà sínú alùpùpù, yóò gbé e dé Ọ̀yọ́ láìbu pẹtiróòlù sí i.

Ọ̀gá Bùràímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá ń jo ọ́ìlì, ẹnu rẹ̀ a là. Ọ́ìlì, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ irin, ni epo tó ń mú kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì máa yọ̀ lára ara wọn kí wọ́n má baà jẹ ara wọn run. "Ọ́ìlì ò nítìjú," ni ọ̀gá máa ń wí. "Yóò jáde lókè, yóò rìn gba ẹ̀yìn, yóò wá kán sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń lépa ibi tó ti kán, kò ní bá a láéláé." Bí òun ṣe ń ṣe é nìyí: yóò fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnnì náà títí yóò fi mọ́ bí àwo ìjẹun, yóò nù ún gbẹ, yóò wọ́n pàúdà sí i lára yíká, yóò fẹsẹ̀ ta á kó máa ṣiṣẹ́, yóò wá jókòó tì í. Kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ibi tí pàúdà bá ti kọ́kọ́ dúdú, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń jáde. Àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ a máa rò pé ọ̀gá ń sùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú yín mọ ẹni tó ni alùpùpù tí mò ń sọ. Gbogbo Bẹyẹrúnkà ló mọ Baba Wóléwólé. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n bí wóléwólé bá fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, kò sí agbo ilé tí kò wọ̀, kò sí àmù tí kò ṣí wò bóyá tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ìyá arúgbó tó lè fi ẹkún yí i lọ́kàn padà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ dùgùdùgù alùpùpù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópó, ìgbálẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú gbogbo ilé. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló ta alùpùpù náà fún un. Wọ́n ti ṣe é kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ bí Baba ṣe ń dán an, ènìyàn lè fá irùngbọ̀n níwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbin kan ṣoṣo ló wà nílé Baba, abẹ́ alùpùpù yẹn ló sì wà. Ó fi símẹ́ńtì tẹ́ iwájú ilé rẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń kán sí i lójoojúmọ́. Àmì dúdú kan tó fẹ̀ tó àtẹ wà níbẹ̀ tí ọṣẹ kò ràn. Àwọn tí Baba ti mú lọ sí kọ́ọ̀tù nítorí ẹ̀gbin nígbà kan rí a máa kọjá, wọ́n a wo ilẹ̀, wọ́n a wo ojú rẹ̀, wọ́n a ní, "Baba, ẹ kú ìmọ́tótó o." Kò sí ẹni tó bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń kí ènìyàn.

Ọmọ Baba yìí ni Àfúsátù, òun sì ni mo fẹ́. Òun náà fẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sẹ́ ẹ títí dòní. Àwọn àgbà ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ti mú mi dání lọ tọrọ rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní kí a padà wá gbọ́ èsì ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Baba kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló sọ ohun tó wà nínú wọn jáde.

"Ọmọ yín yìí dára o," ó wí fún baba mi, "ṣùgbọ́n ta ló ti rí òógùn rẹ̀? Láyé àtijọ́, ọkùnrin kì í mú obìnrin jáde nílé wa láìṣọ̀wẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀wẹ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ fún baba ìyàwó láìgba nǹkan kan ju oúnjẹ lọ. Ebè ni wọ́n sábà máa ń kọ, tàbí kí wọ́n mọ ògiri. Baba Wóléwólé kò lóko, ògiri ilé rẹ̀ kò sì fì síbì kan. Mo wo iwájú ilé, mo rí àmì dúdú yẹn, ọgbọ́n ìwé mẹ́fà sì gùn mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wá fi alùpùpù Baba ṣe ọ̀wẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Baba wò mí lójú. "Ṣé kò ní jo mọ́?"

"Kò ní jo mọ́, sà."

"Mo fẹ́ gùn ún lọ sí Jímọ̀ láìkán sí ilẹ̀ onílẹ̀."

"Ẹ ó gùn ún lọ, sà."

Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá Bùràímọ̀, ó kàn mirí. "Ọ̀wẹ̀? Lórí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo? Ràsákì, orí mélòó lẹ fẹ́ kì bọ abẹ́ alùpùpù kan?"

"Ọ̀gá, àṣà ilé wọn ni."

"Mo gbọ́. Ẹ kú ọ̀wẹ̀ o." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Ọ̀rẹ́ mi méjì ni mo kó dání. Làísì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìdí-Arẹrẹ. Kò sí nǹkan tí kò lè tú, èyí tí kò lè tò padà ló pọ̀. Tìámíyù ní tirẹ̀ jẹ́ onípáànù, ó ń ṣe fìtílà, ó ń ṣe ahá, bó bá sì ti yọ́ òjé lé ojú ihò kan, omi kò tún gba ibẹ̀ mọ́ láyé. Orin la kọ wọlé. Àwọn obìnrin ilé yọjú. Àfúsátù wà lójú fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ká aṣọ. Aṣọ kan náà ló ń ká títí a fi ṣe tán.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Mo fọ ẹ́ńjìnnì, mo nù ún, mo wọ́n pàúdà sí i, mo ta á, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó tì í, a tẹjú mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà fi jáde.

"Ẹ kú ìsinmi o."

"Iṣẹ́ ni, mà," ni mo dá a lóhùn.

"Iṣẹ́ kẹ̀? Kí lẹ ń ṣe?"

"À ń wò ó ni, mà."

"Ẹ ń wò ó." Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ gbọ́, wọ́n ń wò ó o! Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, nígbà tó wá ṣọ̀wẹ̀ fún baba wa, kò jókòó wo oko. Ó wọ inú rẹ̀ lọ ni, a ò rí i mọ́ láàárín ebè títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ̀yin wá jókòó, ẹ tún fi pàúdà kun alùpùpù lójú. Ṣé òun lẹ wá gbé níyàwó ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín kan láti ojú fèrèsé, mo sì mọ ẹni tó ni ín. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná.

Làísì fi ìgúnpá gún mi. "Ràsákì, òógùn ni wọ́n fẹ́ rí. Gbé sípánà."

"Pàúdà náà kò tíì..."

"Pàúdà yẹn náà ni wọ́n máa fi sìn ọ́ sílé láìsí ìyàwó. Gbé sípánà, jàre!"

Mo gbé e. Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa wá ibòmíràn. Iṣẹ́ tí ọ̀wẹ̀ ń fẹ́ ni èyí tí ojú ń rí, tí etí ń gbọ́. Iṣẹ́ tí alùpùpù yẹn sì ń fẹ́ ni kí ènìyàn káwọ́ gbera, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹnìkan kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Mo fi ti ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, mo ṣe ti Ìyá Àgbà.

Làísì tú ohun tí kò yẹ ní títú. A bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, à ń lù, à ń fà, òógùn ń ṣàn, àwọn obìnrin ń kì wá. Bí mo bá ti di nọ́ọ̀tì kan, Làísì á tún un dì, Tìámíyù náà á tún bá wa dì í kí wọ́n má baà ní ọwọ́ tirẹ̀ dilẹ̀. Nọ́ọ̀tì wo ni yóò fara da irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀? Láàárín ariwo yìí ni Tìámíyù ki orí bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì kígbe.

"Mo ti rí olè náà!"

Páípù kékeré kan ni. Ó yọ láti ikùn ẹ́ńjìnnì, ó doríkodò, ọ́ìlì bíńtín sì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò tíì rí irú rẹ̀ lára àwọn alùpùpù tuntun tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n sáré lọ bi ọ̀gá léèrè. Bẹẹrẹ kò kúkú jìnnà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde láàárín ọ̀wẹ̀, lójú Ìyá Àgbà, kí n ní mò ń lọ bèèrè ọ̀nà? Ọkọ rẹ̀ kò jáde láàárín ebè lọ bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé kí n dí i?" ni Tìámíyù bi mí. Ó ti ń yọ́ òjé.

Mo gbójú sókè, ojú èmi àti Àfúsátù ṣe mẹ́rin. "Dí i," ni mo wí, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin tó ti ní ìyàwó mẹ́ta.

Ó dí i. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára, ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́. Òjé ń tàn lẹ́nu páípù bí òrùka tuntun. A ta alùpùpù, ó dún, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí ìdúró, kò kán rárá. Baba fa áńkáṣífì funfun yọ lápò, ó fi nu abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbé e wò sójú oòrùn, ó yí i padà, ó tún un wò. Funfun balau.

"Ó mọ́," ló wí.

Àwọn ará àdúgbò sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí ní gbogbo Bẹyẹrúnkà. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló bu ẹran sínú àwo wa. Làísì jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Baba pè mí padà.

"Lọ́la, wọ funfun. Ìwọ ni màá gbé sẹ́yìn lọ sí Jímọ̀."

Ẹ rò ó wò ná. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa fún wa lésì, lọ́jọ́ Jímọ̀ ni baba ọmọbìnrin ní kí n jókòó sẹ́yìn òun lójú gbogbo ìlú. Ta ni kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Mo yá agbádá funfun ẹ̀gbọ́n mi. Baba náà wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó fi lọ́fínńdà kún un. A gbéra.

Ìrìn náà dùn títí a fi dé Bẹẹrẹ. Mò ń juwọ́ sí àwọn tí mo mọ̀, mo sì ń juwọ́ sí àwọn tí n kò mọ̀ kí wọ́n lè bèèrè ẹni tí mo jẹ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Mápó ni ẹ́ńjìnnì yí ohùn padà. Ó ń dún bí ẹni tí òkèlè há lọ́fun. Mo wolẹ̀. Nǹkan dúdú kan ń yọ láti etí ibi tí orí ẹ́ńjìnnì ti pàdé ikùn rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń bà lé ṣòkòtò Baba. Ó kọ́kọ́ rí bí àmì ìka. Kò pẹ́, ó rí bí àtẹ́lẹwọ́.

"Kí ló ń rùn yẹn?" Baba kò yíjú padà.

"Ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣáájú wa yẹn ni, sà."

"Kò sí ọkọ̀ akẹ́rù níwájú wa."

"Ó ti yà, sà."

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Mo na apá agbádá ẹ̀gbọ́n mi síwájú, mo fi ń gba ọ́ìlì náà kó má baà dé ara Baba, ọ́ìlì sì ń gba àárín ìka mi kọjá bí ẹni tó ń lọ síbi tí wọ́n rán an. A sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, èéfín ń tẹ̀ lé wa bíi ti ọkọ̀ ojú irin. Iwájú mọ́ṣáláṣí kún, àwọn ènìyàn ń ṣe àlùwàlá. Baba tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì náà dá èémí dúró díẹ̀, ó sì dún gbòà! Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà líle tí a ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà yọ, ti bẹ́. Gbogbo ọ́ìlì tó kù tú jáde sórí òkúta fífọ̀ iwájú mọ́ṣáláṣí, sórí bàtà Baba, sí etí agbádá rẹ̀, àti sí ara tèmi láti orúnkún dé imú.

Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló kọ́kọ́ dìde. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé Baba ti mú un lọ sí kọ́ọ̀tù rí nítorí àmù rẹ̀. Ó tún ìró ró, ó rìn wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ abẹ́ alùpùpù náà wò gẹ́gẹ́ bí wóléwólé ṣe ń yẹ inú àmù wò.

"Ẹ̀yin èèyàn," ó wí, "ẹ bá mi pe ìjọba o. Tanwíjí wà níbí!"

Ọjà'ba hó yèè.

"Wóléwólé, ẹ kálọ sí kọ́ọ̀tù!"

"Ẹ jẹ́ ká ṣí àmù ilé yín wò!"

"Ta ni elédùú tí wọ́n gbé sẹ́yìn yẹn?"

Baba kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyẹn ló pa mí. Bó bá gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ti ń pe ìrun. Lóòótọ́, ọ́ìlì kì í ṣe nájísì, ẹ̀gbin tó ń ba ìrun jẹ́, ṣùgbọ́n Baba kì í ṣe ẹni tó lè fi í tẹ ẹní tí ẹlòmíràn máa forí kàn. Ó di ọwọ́ alùpùpù mú, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í gun òkè Mápó.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín tì í."

"Má fọwọ́ kàn án."

Mo yọwọ́. Mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú, ohùn ìmáàmù sì ń dún bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn wa. Mo ti ṣe oríṣiríṣi àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti jó ara mi lọ́wọ́, mo ti sọ nọ́ọ̀tì oníbàárà sínú gọ́tà, mo ti to àwọn nǹkan padà tán kí n tó rí èyí tó ṣẹ́kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gba Jímọ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà rí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ṣì ń tì mí.

Ní Bẹẹrẹ, Baba gbé alùpùpù náà ti ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, ó kí ọ̀gá mi kú iṣẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó rí òjé tó ń tàn.

"Ta ló dí imú rẹ̀?"

"Imú kẹ̀, ọ̀gá?"

"Páípù yìí, imú rẹ̀ ni. Irin ń lọ, irin ń bọ̀ nínú ikùn yẹn, atẹ́gùn ń ká mọ́ ibẹ̀, ibi tó sì ń gbà jáde nìyí. Ìwọ, bí mo bá dí ọ ní imú, tí mo dí ọ lẹ́nu, tí mo wá ní kí o pọn èèyàn méjì gun òkè Mápó, ibo ni èémí rẹ yóò gbà jáde?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀gá láti èjìká, títí tó fi jókòó sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi tún un ṣe."

"Èmi? Nígbà tí ẹ̀ ń kọrin, ṣé ẹ pè mí?"

Mo ṣe é fúnra mi. Mo yọ́ òjé Tìámíyù kúrò, mo fi wáyà nu inú páípù, mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo rọ ọ́ìlì mìíràn sí i. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo wọ́n pàúdà sí i, mo ta á, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó kọrin, kò sẹ́ni tó kì mí. Pàúdà abẹ́ funfun, ti àárín funfun. Ó pẹ́ kí ibì kan tó dúdú, òkè pátápátá ló sì wà, lábẹ́ bóòtù tó di páípù tín-ínrín kan mú, èyí tó ń gbé ọ́ìlì lọ sórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́ṣà bàbà kékeré kan, irin pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, ló wà níbẹ̀, ó ti le bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Mo fi í sínú iná títí tó fi pọ́n, mo jù ú sómi. Irin tó pọ́n, bó bá bọ́ sómi, líle ló ń le, ṣùgbọ́n bàbà rírọ̀ ló ń rọ̀. Mo dá a padà, mo di bóòtù náà lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sílẹ̀. Kò kán mọ́. Ohun tó ń dójú ti Baba ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.

Mo tì í dé Bẹyẹrúnkà kí wọ́n tó kírun Màgàríbà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

"Gbé e síbẹ̀."

"Ìyá, mo ti rí ibi tó..."

"A ti gbọ́. Gbé e síbẹ̀."

Nígbà tí mo fi délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Baba mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó wo agbádá ẹ̀gbọ́n mi láti òkè délẹ̀. "Akọ̀wé kì í ṣe báyìí," ló wí.

"Baba, ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Ojú wo la fẹ́ gbé lọ?"

Mo wọlé, mo lọ dojú bolẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Mo ṣí i, Àfúsátù ni, ó ru garawa, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú eérú nínú igbá.

"Baba ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́jà."

"Ṣé inú ṣì ń bí wọn?"

"Wọn ò jẹun láti àná."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Mo jẹun yó. Èmi kọ́ ni mo gun alùpùpù." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é. Ẹ má ṣàlàyé fún wọn."

Baba dúró níwájú mọ́ṣáláṣí. Aṣọ káákí tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba ló wọ̀, wọ́n ti fi sítáàṣì lọ̀ ọ́, fìlà iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fi igi náà tọ́ka sílẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ti sọ òkúta di dúdú.

"Ta ló da èyí síbí?"

"Èmi ni, sà."

"Fọ̀ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo da eérú sí i, mo da omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Àwọn ọlọ́jà ń dé, wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń dúró wòran. Baba ń yí mi ká. "Ibẹ̀ yẹn." "Àárín òkúta." "Kò tíì mọ́, tún un fọ̀." Orúnkún mi bó, òógùn ń kán ní imú mi, kò sì sẹ́ni tó kì mí. Ìyá ọlọ́ṣẹ gbé ọṣẹ kan wá, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fi lo. Ó wá yíjú sí Baba.

"Wóléwólé, ta lẹ tún mú láàárọ̀ kùtù yìí? Ẹlẹ́wọ̀n ni àbí ọmọ iṣẹ́ tuntun?"

Ọwọ́ mi dúró lórí òkúta. Àfúsátù, tó ń pọnmi bọ̀, dúró pẹ̀lú garawa lórí. N kò lè gbójú sókè, bàtà Baba nìkan ni mò ń wò, wọn kò kúrò lójú kan.

"Àna mi ni," ló wí. "Ẹ súnra fún un, kó fọ̀ ọ́ débi tí ẹ dúró sí yẹn."